Orí Keje: Ọ̀pá Òróǹro Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Ti Yọ Àpò Òróǹro

Àfojúsùn orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

- tọ ipa tí òróǹro ń gbà láti ẹ̀dọ̀ dé ìfun, kí àpò rẹ̀ tó kúrò àti lẹ́yìn rẹ̀;
- fi ẹ̀rí ṣàlàyé ìdí tí ọ̀pá òróǹro fi máa ń fẹ̀ lára àwọn kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ;
- ka èsì síkáànì pọ̀ mọ́ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde;
- dá ọ̀pá tó kàn fẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pá tí nǹkan dí.

7.1 Ìbéèrè tó wà nílẹ̀

Ẹni tó bá ti Cele gba Òpópónà Ọ̀kọ́tà lọ títí dé Ago Palace Way yóò rí i pé ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ṣe síkáànì inú kò ṣọ̀wọ́n mọ́ lágbègbè Ìsọlọ̀. Ìrọ̀rùn ni èyí jẹ́, àmọ́ ó ti mú kí irú èsì kan máa bọ́ sọ́wọ́ aláìsàn láìsí ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Ká ní wọ́n ti yọ àpò òróǹro ẹnìkan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ó lọ ṣe síkáànì, bóyá nítorí inú rírun, bóyá nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, wọ́n sì kọ ọ́ sínú èsì rẹ̀ pé olórí ọ̀pá òróǹro rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 9. Ẹnìkan lè ní kó má dààmú, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún ẹni tí kò ní àpò mọ́. Ẹlòmíràn lè ní òkúta ló dí i, kó tètè wá owó iṣẹ́ abẹ kejì. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n yẹn nìkan ni àwọn méjèèjì wò, kò sí èyí tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ nínú wọn. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé fífẹ̀ ọ̀pá kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe ìdí láti fọkàn balẹ̀. Àmì ni, àmì kì í sì í dá sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta ló máa ń jẹ́ kó nítumọ̀: bí ọ̀pá náà ti fẹ̀ tó kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ohun tí aláìsàn ń rí lára, àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ.

7.2 Ipa tí òróǹro ń gbà

Òróǹro ni omi kíkorò aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti fi bá ìfun da ọ̀rá oúnjẹ, tó sì tún ń fi kó ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà ń ṣe tó mílílítà 500 sí 1,000 lójúmọ́. Ọ̀pá ẹ̀dọ̀ tọ̀tún àti tòsì ló ń gbé e jáde nínú ẹ̀dọ̀. Àwọn méjèèjì pàdé, ọ̀pá tó ti inú àpò wá dà pọ̀ mọ́ wọn, láti ibẹ̀ ni olórí ọ̀pá òróǹro ti bẹ̀rẹ̀. Gígùn olórí ọ̀pá yìí tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8. Ó gba ẹ̀yìn ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, ó wọ orí páńkíríásì, ó sì ya ẹnu sínú ìfun. Ẹran-ara kan tó lè fún, tó sì lè dẹ̀, ló yí ẹnu náà po: òrùka Oddi nìyẹn. Bí a kò bá jẹun, òrùka yìí máa ń fún, òróǹro á yà sínú àpò òróǹro, àpò kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, tó ń gba bíi mílílítà 30 sí 50. Nínú àpò yìí ni omi ti ń fà kúrò lára òróǹro títí yóò fi ki ní ìlọ́po 5 sí 10. Bí a bá wá jẹ ẹ̀fọ́ rírò olórórò, ìfun á tú họ́mónù CCK sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù yìí ló ń mú kí àpò fún, tó sì ń mú kí òrùka Oddi dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n bá yọ àpò náà, ẹ̀dọ̀ kò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ibi ìkópamọ́ ló sọnù. Òróǹro tí kò ki á wá máa ṣàn wọnú ìfun díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru, àti ìgbà oúnjẹ àti ìgbà ààwẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ ìyàtọ̀ kankan. Àwọn kan máa ń yàgbẹ́ gbuuru nítorí pé iyọ̀ inú òróǹro ń dé ìfun ńlá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó kan orí yìí ni pé nígbà tí òrùka Oddi bá ti, kò sí àpò tí omi lè yà sí mọ́. Ọ̀pá nìkan ló kù tí yóò gba agbára omi náà sára.

7.3 Ohun tó ń gbé àwọn ènìyàn wa dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ

Carl Langenbuch ló kọ́kọ́ yọ àpò òróǹro ènìyàn, ní Berlin, lóṣù Keje ọdún 1882. Ọdún 1985 ni Erich Mühe, ará Jámánì bíi tirẹ̀, ṣe é láti ojú ihò kéékèèké pẹ̀lú awò tí wọ́n kì bọ inú. Ọ̀nà ihò kéékèèké yìí ti dé ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ kọ ìròyìn tiwọn nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Òkúta inú àpò ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yọ ọ́. Òkúta ọlọ́ràá, tí ọjọ́ orí, sísanra àti oyún ń dá kún, ló pọ̀ jù nílẹ̀ òyìnbó. Nílẹ̀ wa, a gbọ́dọ̀ fi ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kún un. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní i ń fọ́ kíákíá ju bó ti yẹ lọ, bilirubin, ìyẹn àwọ̀ ìyeyè tó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tó fọ́, á pọ̀ nínú òróǹro, á sì dì di òkúta dúdú, nígbà mìíràn láti kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó: ọdún 1979 ni Olu Akinyanju àti F. Ladapo kọ nípa òkúta àti àìsàn ọ̀nà òróǹro lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Akinyanju yìí náà ló wá ṣaájú ìdásílẹ̀ àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà, ní ìdojúkọ ilé ìwòsàn LUTH.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì fún orí yìí ni pé aláìsàn tó ní SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde, lè ti pàdánù àpò òróǹro rẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa fọ́ lọ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Wọ́n ti yọ ibi tí òkúta ń gbé. Wọn kò yọ ohun tó ń dá òkúta sílẹ̀.

7.4 Ṣé yíyọ àpò ló ń mú ọ̀pá fẹ̀?

Ọ̀pá tí kò ní ìṣòro kì í sábà fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, ó sì máa ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Fún ẹni tí wọ́n ti yọ àpò rẹ̀, àwọn tó ń ka síkáànì sábà máa ń gbà á títí dé mílímítà 10. Àlàyé àtijọ́ fún ìyàtọ̀ yìí wá láti ọwọ́ Ruggero Oddi. Lọ́dún 1887, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Perugia, ní Ítálì (ìṣírí ni fún ẹni tó rò pé akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí ohun tuntun), ó yọ àpò òróǹro àwọn ajá, ó sì rí i pé ọ̀pá wọn fẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé ọ̀pá ń di àpò kejì, pé ó ń fẹ̀ kó lè ṣe iṣẹ́ èyí tó lọ.

Ìṣirò kékeré kan tó láti mi àlàyé yìí. Ọ̀pá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, tó sì fẹ̀ ní mílímítà 6, ń gba òróǹro bíi mílílítà 2. Bó bá fẹ̀ dé mílímítà 10, yóò gba bíi mílílítà 6. Gbogbo àlékún tó ní kò ju mílílítà 4 lọ, bẹ́ẹ̀ mílílítà 30 sí 50 ni àpò ń gbà, ó tún ń mú un ki. Ọ̀pá kò lè ṣe iṣẹ́ àpò, kò sì ní ẹran-ara tó lè fún òróǹro jáde bíi tirẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tó bá fẹ̀, agbára omi tó ń tì í lára ló yẹ ká wádìí, kì í ṣe iṣẹ́ tuntun tí a rò pé ó gbà ṣe. Ògiri rẹ̀ máa ń nà, ó máa ń sún kì bíi rọ́bà; bí ọjọ́ orí bá sì ti lọ, tàbí bí òkúta bá ti gba inú rẹ̀ kọjá léraléra kí wọ́n tó yọ àpò, kì í padà sí bó ti wà mọ́.

Ìwádìí lára ènìyàn náà kò gbe àlàyé àpò kejì. Ní ọdún 1995, Feng àti Song fi síkáànì wọn ọ̀pá aláìsàn 234 ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì kéré ní ìpíndọ́gba. Ní 1999, Majeed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí ọlọ́dún márùn-ún jáde: ọ̀pá tí kò ní nǹkan kan kí wọ́n tó yọ àpò kì í fẹ̀ lọ́nà tó ṣe pàtàkì lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé púpọ̀ nínú ọ̀pá tí a ń rí pé ó fẹ̀ lónìí lè jẹ́ èyí tó ti fẹ̀ kí aláìsàn tó dé orí tábìlì, tí òkúta ti nà. Ìwọ̀n mílímítà 10 tí wọ́n ń gbà láàyè jẹ́ ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ kì í ní ìṣòro lábẹ́ rẹ̀. Kò fi hàn pé ọ̀pá ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ohun mìíràn kan wà tí ẹni tó ń ka síkáànì kì í sábà béèrè, tó sì yẹ kó béèrè ní Èkó. Àwọn oògùn ìrora tó jẹ́ ẹbí mọfíìnì, tí kódíìnì wà lára wọn, lè mú kí òrùka Oddi fún, kí ọ̀pá sì fẹ̀ láìsí òkúta. Aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ń fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ pa ìrora eegun rẹ̀ lè ní ọ̀pá tó fẹ̀ nítorí oògùn nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń rà á ní kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà, tí kò sì ní fẹ́ sọ ọ́ bí wọ́n kò bá fọgbọ́n bi í.

7.5 Nígbà tí nǹkan bá dí i lóòótọ́

Dídí ọ̀pá ni kí ohun kan dènà òróǹro débi tí kò fi lè ṣàn bó ti yẹ. Òkúta tó ṣẹ́kù nínú ọ̀pá nígbà iṣẹ́ abẹ, tàbí èyí tó dì lẹ́yìn rẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpá inú ọ̀pá: ibi tí irin tàbí iná iṣẹ́ abẹ ti kan ọ̀pá lè jinná kó sì sún kì, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Ìpalára sí ọ̀pá máa ń ṣẹlẹ̀ sí bíi ènìyàn 3 sí 6 nínú 1,000 tí wọ́n fi ọ̀nà ihò kéékèèké ṣe fún, ó sì pọ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀nà lílà inú lọ. Ìyẹn ló mú kí Steven Strasberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òfin kan lélẹ̀ ní 1995: kí oníṣẹ́ abẹ má gé ohunkóhun títí yóò fi rí i kedere pé ọ̀pá kan àti iṣan ẹ̀jẹ̀ kan péré ló wọnú àpò. Aràn inú náà lè wọ ọ̀pá. Jẹjẹrẹ orí páńkíríásì sì lè tẹ̀ ẹ́ láti ìta, èyí tó léwu jù láti gbójú fò. Ọjọ́ pẹ́ tí Courvoisier ti kọ́ àwọn oníṣègùn, ní 1890, pé bí ojú bá pọ́n tí ọwọ́ sì kan àpò òróǹro tó wú láìdunni, kí wọ́n fura sí ohun mìíràn yàtọ̀ sí òkúta. Ẹni tí wọ́n ti yọ àpò rẹ̀ kò ní àmì yìí mọ́. Ọ̀pá tó ń fẹ̀ sí i lè jẹ́ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tó kù fún un.

Bí kòkòrò àrùn bá wọnú òróǹro tó dá dúró, Charcot ti to àmì mẹ́ta pọ̀ láti ọdún 1877: ibà pẹ̀lú gbígbọ̀n, ojú pípọ́n bí ìyeyè, àti ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo tàbí oògùn ibà láti kẹ́mísì. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ìtọ̀ tó dúdú, ìgbẹ́ tó funfun bí ẹfun àti ara yíyún ń tọ́ka sí ìdínà bí ibà kò tilẹ̀ sí.

7.6 Ẹ̀jẹ̀ SS àti àmì tó ń tanni

Fún aláìsàn yòókù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ ni atọ́nà tó rọrùn jù. Bí òróǹro bá dá dúró, bilirubin àti ẹ́ńsáìmù ALP á gòkè. Fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, méjèèjì lè gòkè láìjẹ́ pé nǹkan dí ọ̀pá. Ojú rẹ̀ lè máa pọ́n lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́; ALP sì ń wá láti inú eegun pẹ̀lú, nítorí náà ó lè ga ní ìgbà tí eegun ń ro ó. Ẹni tí kò mọ èyí lè ṣi í ṣe lọ́nà méjì: ó lè rán aláìsàn lọ fún iṣẹ́ tí kò nílò, tàbí kó ti wo ojú pípọ́n rẹ̀ títí ojú á fi mọ́ ọn lára, tí yóò sì gbójú fo òkúta tó dí ọ̀pá.

Ohun méjì ló ń yanjú rẹ̀. Èkínní, kí ilé àyẹ̀wò pín bilirubin sí méjì: èyí tí ẹ̀dọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ lé, tó ń pọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń fọ́, àti èyí tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé, tó ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá dí. Ìkejì, kí wọ́n ṣe ẹ́ńsáìmù GGT pẹ̀lú ALP, nítorí pé GGT kì í ti inú eegun wá. Bí GGT bá gòkè pẹ̀lú ALP, ẹ̀dọ̀ tàbí ọ̀nà òróǹro ni ká wò. Síbẹ̀, èsì yìí kò tó bí a kò bá fi wé èyí tí ẹni náà ti máa ń ní nígbà tí ara rẹ̀ dá.

7.7 Àwọn àtakò

Ẹnìkan lè sọ pé ìwọ̀n mílímítà 10 ti tó, pé bí ọ̀pá kò bá kọjá rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Ìdáhùn ni pé ìwọ̀n kan kì í fi ìrìn hàn. Ọ̀pá tó wà ní mílímítà 9 fún ọdún mẹ́fà láìyí padà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, kò yẹ kó da ẹnikẹ́ni láàmú. Èyí tó jẹ́ 5 ní ọdún tó kọjá, tó di 9 lónìí, kò tíì kọjá òdiwọ̀n, àmọ́ ó ń sọ ohun kan. Ìdí nìyẹn tí ìwé èsì síkáànì tí wọ́n ṣe kí àpò tó kúrò fi níye lórí: bí ẹni tó ń gbé Ọ̀kọ́tà bá ti ilé àyẹ̀wò àdúgbò lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsọlọ̀, láti ibẹ̀ lọ sí LUTH, ìwé náà lè má tẹ̀ lé e bí kò bá gbé e dání fúnra rẹ̀.

Àtakò kejì ni ti owó. Wọ́n á ní bí a bá ń béèrè ìdí gbogbo ọ̀pá tó fẹ̀, ta ni yóò sanwó MRCP, ìyẹn àwòrán ọ̀nà òróǹro tí ẹ̀rọ MRI ń yà? Òótọ́ ni pé ó wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí orí yìí ń gbè lẹ́yìn yóò dín owó kù ni. Ìbéèrè nípa oògùn kò gba kọ́bọ̀, ìfiwéra pẹ̀lú èsì àtijọ́ náà bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò sì tó ìdá kékeré nínú owó MRCP. Ẹni tí gbogbo wọn bá mọ́ lára rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Ẹni tí ìkankan nínú wọn bá mú ká fura sí ni a ó rán lọ, owó náà á sì ní ìdí.

Àtakò kẹta wá láti òdìkejì: bí ìrora bá ń bá aláìsàn fínra lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ló dé tí a kò ní gé òrùka Oddi kó lè ṣí? ERCP, awò tí wọ́n ń gba ọ̀fun kì bọ ìfun láti fi dé ẹnu ọ̀pá, lè ṣe é. Ní 2014, ìwádìí EPISOD ní Amẹ́ríkà gba aláìsàn 214 tó ní ìrora lẹ́yìn yíyọ àpò, tí ọ̀pá wọn kò fẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ní àléébù tó ṣe pàtàkì. Wọ́n gé òrùka àwọn kan, wọ́n sì ṣe bí ẹni gé e fún àwọn tó kù. Àwọn tí wọ́n gé fún kò gbádùn ju àwọn tí wọn kò gé fún lọ. ERCP sì lè dá páńkíríásì wíwú sílẹ̀. Bí ọ̀pá tó fẹ̀ láìsí àmì mìíràn kò ti tó ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni ìrora láìsí àmì mìíràn kò tó. Ibi tí ìrora, ọ̀pá tó fẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tó yí padà bá ti pàdé ni ERCP ti sábà máa ń wúlò, fún yíyọ òkúta tàbí ṣíṣí ẹnu tó fún.

7.8 Kókó orí yìí

Yíyọ àpò kì í sọ ọ̀pá di àpò kejì. Bí ó bá fẹ̀ sí i, díẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ orí, òkúta àtijọ́ àti oògùn sì lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìwọ̀n àtijọ́, ohun tí aláìsàn ń rí lára àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fún ìwọ̀n tuntun nítumọ̀. Lára ẹni tó ní SS, bilirubin tí a pín sí méjì àti GGT ló ń ya ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tó dí.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí òróǹro ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ (a) lára ẹni tó ní àpò òróǹro, (b) lára ẹni tí kò ní in mọ́.

2. Ọ̀pá kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8. Ṣírò iye òróǹro tó lè gbà nígbà tó fẹ̀ ní mílímítà 5 àti nígbà tó fẹ̀ ní mílímítà 9. Fi èsì rẹ ṣe ìdájọ́ àlàyé àpò kejì.

3. Ìyá ẹni ọdún 66 kan ní Ọ̀kọ́tà yọ àpò òróǹro ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Síkáànì tí wọ́n ṣe fún un nítorí ọ̀rọ̀ kíndìnrín sọ pé ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ mílímítà 8. Kò ní ìrora, ojú rẹ̀ kò pọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta wo ni ìwọ yóò kọ́kọ́ bi í, kí sì ni ìdí ìkọ̀ọ̀kan?

4. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 tó ní SS, tí kò ní àpò òróǹro mọ́, wá pẹ̀lú ojú pípọ́n, ALP tó ga àti ẹsẹ̀ ríro. GGT rẹ̀ kò ga, púpọ̀ nínú bilirubin rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ̀dọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ lé. Níbo ni ẹ̀rí tọ́ka sí? Àwọn ìyípadà wo nínú èsì yìí ni yóò mú kí o rán an lọ fún MRCP?

5. Kí ni aláìsàn àti oníṣègùn pàdánù nínú àmì Courvoisier nígbà tí àpò bá ti kúrò? Kọ ìpínrọ̀ kan.

6. Ẹ jíròrò ní kíláàsì: ṣé ó yẹ kí gbogbo ilé àyẹ̀wò máa kọ oògùn tí aláìsàn ń lò sórí ìwé èsì síkáànì? Kí ẹgbẹ́ kan gbè é, kí èkejì takò ó, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí inú 7.4 àti 7.7 gbe ọ̀rọ̀ wọn.